Bọ́ọ̀lù Tó Sún Nínú Koríko

Àgbàdo tútù márùn-ún, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Iye tí ìyàwó mi rà á ní Ọjà Ọba ní ọ̀sán Sátidé nìyẹn, mo sì ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé etí mi ló ti ń di. Ó tún un sọ. Ó ní bí mi ò bá ní í jẹ nínú rẹ̀, kí n tètè wí, kí òun lè dín omi ìkòkò ọ̀la kù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Adó yìí, kọ́bọ̀ kan là ń ra àgbàdo mẹ́ta, ẹni tó ń tà á yóò sì tún fi ẹyọ kan ṣe èènì bí o bá mọ̀ ọ́n kí.

Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù ńkọ́? Bọ́ọ̀lù funfun kékeré tí kò tó ẹyin adìyẹ. Ọmọ mi tó ń gbé ní Èkó sọ fún mi pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni ẹyọ kan báyìí, bẹ́ẹ̀ ó lè wọnú igbó nígbà àkọ́kọ́ tí o bá gbá a, kí o má rí i mọ́ láéláé. Nígbà tiwa, mángòrò méjì ni. Ẹni tó bá ti mú mángòrò méjì wá, bọ́ọ̀lù di tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò ní gbà mí gbọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Òórùn àgbàdo yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì tó rà á, ni, nínú oṣù Keje, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú láti ìhà ìlú Ìyìn. Ìkòkò ń hó nínú ilé ìdáná. Mo jókòó níwájú tẹlifíṣàn, mò ń wo ìdíje gọ́ọ̀fù ńlá tí wọ́n máa ń gbá lọ́dọọdún ní ìlú òyìnbó, ní etí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ àsíá bí ẹni pé ó fẹ́ fà á tu. Èmi náà ń gbá gọ́ọ̀fù, ẹ má wò mí báyìí. Mi ò gbá a gbowó rí, mi ò sì gba ife ẹ̀yẹ kankan, àmọ́ mo gbá a títí orúnkún fi ní ó tó.

Akínlabí jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi, lórí àga tó ti di tirẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń bọ̀. Ìgèdè ló ń gbé, níbi tó ti ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ bí ìdíje yìí bá ti dé lọ́dọọdún, Dúpẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, yóò fi mọ́tò gbé e wá sílé mi kí a lè jọ wò ó. Ọ̀rọ̀ “wò” yẹn ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ojú Akin ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń yí iná àtùpà wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, kò rí ohun tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́. Èmi ni mo ń wò, èmi ni mo sì ń ròyìn fún un.

A máa ń pa ohùn tẹlifíṣàn náà. Akin ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń ṣàlàyé gọ́ọ̀fù ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó fẹ́ jí ewúrẹ́ gbé, etí òun kò sì gbé e mọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn tèmi náà kì í tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí mo bá ní ẹni yìí gbá a dáadáa, á ní, “Bàbá Tọ́pẹ́, ta ló bi ọ́ bóyá ó dáa? Ibo ló bọ́ sí?”

Ti ọdún yìí yàtọ̀, àwa méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ jáde. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ti ṣe ìwé fún un. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ gbéra. Wọ́n ní àwọn dókítà ibẹ̀ yóò wo ojú náà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n arúgbó tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ bá ọmọ kì í sábà padà wá jẹ àgbàdo ní Adó. Ọ̀rọ̀ kan sì wà nínú mi láti ìgbà ọmọdé wa, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí Akin ti gbọ́ kí irun wa tó funfun. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ fún ara mi pé ọdún tó ń bọ̀ ni n óò sọ ọ́. Ọdún tó ń bọ̀ ti wá tán báyìí.

Ẹ̀yìn ìlú ni ilé ìwé wa wà nígbà náà, ní ẹsẹ̀ àpáta. Òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ wa nípa òkè, odò àti ìlú tí ń bẹ láyé, ọkùnrin gígùn, pupa bí ata, tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé orúnkún. Ó ní orúkọ tirẹ̀, àmọ́ Awákiri ni gbogbo ìlú ń pè é. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́yìn ilé tó ń gbé, ó ti fúnra rẹ̀ ro pápá kan, ó gbẹ́ ihò mẹ́ta sí i, ó sì máa ń fi ọ̀pá àsíá pupa bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá fẹ́ ṣeré. Nírọ̀lẹ́, yóò fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan wọ igbó tagbáratagbára, lẹ́yìn náà yóò tẹ̀ lé e, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ á dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn bi màmá mi pé kí ló sọ nù lọ́wọ́ òyìnbó yẹn tí kò rí láti èṣín. Ó káàánú rẹ̀ dénú.

Koríko tó tẹ́ bíi ẹní tí à ń rí lórí tẹlifíṣàn kò sí lẹ́nu ihò tiwa. Iyanrìn ni, iyanrìn tí wọ́n fi epo dúdú inú ẹ́ńjìnnì pò kí òjò má baà wọ́ ọ lọ. Bí a bá gbá bọ́ọ̀lù tán lórí rẹ̀, dandan ni kí á fi pátákó tẹ́ ẹ kó tún dán fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Títí di òní, bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí mo gbóòórùn epo yẹn, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dà lójú mi.

Àgbẹ̀ kan wà tí oko rẹ̀ bá pápá náà pààlà. Bàbá Olóko la máa ń pè é. Ó jí lọ́jọ́ kan, ó rí ihò rogodo tó mọ́ tónítóní lórí ilẹ̀, ó ní òkété tó gbẹ́ irú ihò báyìí á sanra. Ó dẹ pàkúté sí i. Nígbà tí Awákiri fẹ́ fi ọ̀pá àsíá rẹ̀ bọ ihò náà nírọ̀lẹ́, pàkúté gbá ọ̀pá náà mú pà, kò sì jẹ́ kó lọ. Òyìnbó náà jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Olóko gbé iṣu méjì wá lọ́jọ́ kejì láti fi bẹ̀ ẹ́, ó ní, “Uhò òkété ni mo pè é.” Láti ọjọ́ náà ni Awákiri ti ń pe ihò kejì ní Uhò Òkété. Ọwọ́ ọmọ Ìyìn tó ń se oúnjẹ fún un ló ti kọ́ Yorùbá, torí náà uhò, ulé àti ugi ló ń sọ, Èkìtì pọ́ńbélé. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Ìbàdàn tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi uhò tèmi ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé òyìnbó ló kọ́ mi.

Àwa mẹ́rin la jọ máa ń lọ síbẹ̀. Èmi, Akínlabí, Kọ́lápọ̀ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ìjọ, àti Júlíọ́sì. Àwọn ọmọ Bàbá Olóko ló ń rí bọ́ọ̀lù tó bá sọ nù sínú oko bàbá wọn, àwa sì ní igi mángòrò lẹ́yìnkùlé. Bí mángòrò méjì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀ka gúáfà tó tẹ̀ kọdọrọ lórí la gé ṣe ọ̀pá. Nígbà tó yá, Awákiri ní kí á wá, ó kọ́ wa bí a ṣe ń di irin mú. Ó ṣàlàyé fún wa pé kíka ni: iye ìgbà tí o bá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ni wọn óò kà fún ọ, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló jẹ. Júlíọ́sì kò gba eléyìí wọlé láéláé. Ó ní bí ilé ìwé bá lè máa ka ìdánwò báyìí, òun ni ìbá máa ṣe ipò kìíní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti “fò ó” kí n tó lọ jìnnà. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ bá ènìyàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn onígọ́ọ̀fù máa ń pariwo kí ẹni náà lè tẹ orí ba. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, a wà nínú koríko, Awákiri gbá irin, bọ́ọ̀lù ń já bọ̀ nílẹ̀ nílẹ̀ bí eku, òyìnbó pariwo, “Fóò!” Èmi dúró bí ère. Kọ́lápọ̀ sá. Akin, tó jẹ́ ọmọ tó máa ń gbọ́ràn, fò sókè. Bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí kò bá fò ni, egungun ojúgun rẹ̀ ni ìbá lọ sí i. A bi í pé kí ló fò sí. Ó ní ẹ̀yin kò gbọ́ ni, tíṣà ní kí a fò ó. Awákiri gbìyànjú láti ṣàlàyé pé èdè òyìnbó ni òun sọ, Akin kò gbà. Ó ní Yorùbá ni òun fi etí ara òun gbọ́, ó sì gba òun là.

Ó di eré wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ké “fò ó”, ibi yòówù kí a wà, ìbáà jẹ́ lórí ìlà ilé ìwé, gbogbo wa á fò. Nígbà tí Akin wá di tíṣà ní Ìgèdè, bí ọmọ ilé ìwé bá ń kàwé tó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó le, ohun tó máa ń wí nìyẹn: “Fò ó, máa lọ.” Mo ti bá a ní kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sọ bẹ́ẹ̀, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lójú fèrèsé.

Ohun kejì tí Awákiri kọ́ wa ni mo fẹ́ dé. Ó ní, “Eré yìí kò ní adájọ́. Ìwọ lo máa dá ara rẹ lẹ́jọ́.” Bí o bá gbé irin sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù náà sì sún, ì báà ṣe díẹ̀, ì báà jẹ́ ìwọ nìkan lo rí i, gbé ọwọ́ sókè, sọ ọ́, ka ẹyọ kan kún tìrẹ. Ó máa ń tún èyí sọ ju gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ wa ní kíláàsì lọ.

Ìgbà tó máa padà sí ìlú rẹ̀, ó ní àpò méjì. Ó ní òun yóò gbé ọ̀kan lọ, òun yóò fi èyí tó gbó sílẹ̀, àpò aláwọ tó ti ń sán lẹ́nu, tó ní ọ̀pá márùn-ún nínú. Àwa mẹ́rin yóò gbá ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà mẹ́ta, ẹni tó bá jẹ yóò gbé àpò náà lọ sílé. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ sọ ohun tí àpò yẹn jẹ́ fún wa. Akin pàápàá. Òun ló mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wa, ẹnikẹ́ni kò sì jiyàn rẹ̀. Òun ló máa ń fi òróró nu àwọn irin náà fún òyìnbó, ó mọ èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ méje nípa fífọwọ́ bà á nìkan.

Júlíọ́sì gbá tirẹ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́ nígbà mẹ́rin, ó lọ jókòó. Kọ́lápọ̀ náà ṣubú lẹ́yìn. Ó wá ku èmi àti Akin, iye wa dọ́gba, ihò kan ṣoṣo ló kù. Bọ́ọ̀lù Akin yà sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, òun, Awákiri àtàwọn yòókù lọ wá a. Èmi nìkan ló kù lẹ́bàá tèmi, nínú koríko, níwájú iyanrìn. Mo gbé irin kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Koríko náà tẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì sún. Ó sún ní ìwọ̀n oríkèé ìka kan. Mo wò ó. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àpáta, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn ni mo rí. Mi ò gbé ọwọ́ sókè.

Wọ́n rí ti Akin, ó gbá a jáde, ó dára gan-an ni. Ó wá ku èyí tó máa fi wọ ihò, kò jìnnà ju láti ibi tí mo jókòó yìí dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù fi etí kan ẹnu ihò, kò wọlé. Mo fi ẹyọ kan ṣoṣo jẹ. Bí mo bá ti ka ẹyọ tó yẹ kí n kà, ọgbọọgba la wà, à bá tún gbá a, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù. Awákiri bọ̀ mí lọ́wọ́. Àpò náà wúwo, èmi sì tín-ín-rín nígbà náà. Akin ló bá mi gbé e dé ulé.

Àwọn ọ̀pá márùn-ún yẹn ni mo gbé lọ sí Ìbàdàn. Níbi tí mo ti ń fi wọ́n ṣeré ni mo ti mọ olùkọ́ yunifásítì kan tó kọ̀wé fún mi nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ ìjọba. Mi ò sọ pé Akin ni ìbá di èmi. Ayé kì í rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rò ó. Akin kò ní ọ̀pá tirẹ̀ rí. Nígbàkigbà tí mo bá wá sílé, á ní, “Fún mi ní Nọ́ńbà Méje ẹ kí n fi ṣe nǹkan,” á gbá a tán, á nù ún mọ́, á dá a padà, á dúpẹ́. Nígbà tí Tọ́pẹ́ ọmọ mi ra ọ̀pá tuntun fún mi, mo kó àwọn àtijọ́ fún Akin. Ó di àpò náà mọ́ àyà, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní òun kò mọ irú ẹni tí Ọlọ́run fi fún òun ní ọ̀rẹ́. Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wọlé.

Àwọn yòókù ti dípẹtà. Nọ́ńbà Méje ló kù, òun ni Akin dorí rẹ̀ kodò tó fi ń tilẹ̀ báyìí, irin rẹ̀ lókè bí ìdìmú ọ̀pá. Ó fi ti ara rẹ̀ wọlé mi lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí.

Ìyàwó mi gbé àgbàdo wá, ó fi ọwọ́ Akin kan àwo, ó ní, “Ẹ rọra o, Bàbá Dúpẹ́, ó gbóná.” Akin ní iye tí wọ́n rà á yẹn, ó yẹ kó gbóná. Lórí tẹlifíṣàn, ọmọdékùnrin kan, òyìnbó, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì gún, àti ẹnìkan tó jù ú lọ, ni wọ́n jọ wà níwájú. Iye wọn dọ́gba. Mò ń ròyìn lọ: ó yà sí òsì, ó wọ koríko gíga, ó ti rí i, ó ti gbé irin kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ni ọmọ náà bá dúró. Ó fà sẹ́yìn. Ó wo bọ́ọ̀lù náà, ó wò yíká, kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Mi ò ròyìn ìyẹn fún Akin.

Akin ní, “Kí ló dé? Ó ti kú ni?”

Mo ní ó ń wo afẹ́fẹ́.

Ibi tí mo pa irọ́ yẹn dé ni òjò dé. Ẹ mọ bí òjò oṣù Keje ṣe máa ń já lé páànù wa. Àwo orí òrùlé tó ń gbé àwòrán wá kò fara da òjò rí, àwòrán náà sì gan. Ọmọ náà dúró sojú kan lórí tẹlifíṣàn, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ó ń wò mí. Mo retí kó lọ, kò lọ. Dúpẹ́ àti ìyàwó mi sá jáde lọ ká aṣọ. Ó ku èmi, Akin àti ọmọ tó gbé ọwọ́ sókè.

Mo ní, “Akin, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló sún. Kò sí ẹni tó rí i, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́wọ́ sókè.”

Akin ń jẹ àgbàdo rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n tọ́ ọ.”

Mo ní, “Tèmi náà sún.”

“Tìrẹ wo?”

“Lọ́jọ́ àpò Awákiri. Nígbà tí ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ó sún, mo sì dákẹ́.”

Ó gbé àgbàdo náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá etí àwo kó tó gbé e, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Òjò ń rọ̀. Ó bi mí pé báwo ló ṣe sún tó. Mo na ìka mi fún un, mo wá rántí pé kò lè rí i. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi àtàǹpàkò mi wọ̀n ọ́n lórí ìka rẹ̀, láti orí èékánná dé oríkèé àkọ́kọ́. Mo ní, “Báyìí.”

Kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ní, “Bàbá Tọ́pẹ́, mo ti gbá bọ́ọ̀lù mi yẹn lójú oorun, mi ò mọye ìgbà. Ó máa ń kan ẹnu ihò. Kì í wọlé. Mo rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa.”

Mo ti ronú nípa àpò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nípa ọ̀pá, nípa Ìbàdàn. Mi ò ronú rí pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn lójú oorun. Mo ní kó má bínú. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu mi.

Ó fọwọ́ wá Nọ́ńbà Méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì dìde. Mo rò pé ó ń lọ. Mo rò pé yóò pe Dúpẹ́, yóò wọ mọ́tò, a ò sì ní ríra mọ́. Èmi náà dìde. Ó yí ọ̀pá náà padà, ó jẹ́ kí irin rẹ̀ lọ sílẹ̀ síbi tí Ọlọ́run dá a sí, ó fi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi kan ẹsẹ̀ mi kó lè mọ ibi tí mo wà. Ó wá fà á sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí Awákiri ṣe kọ́ wa.

Ó ní, “Fò ó.”

Mi ò mọ èyí tó ń sọ nínú méjèèjì. Mi ò mọ̀ bóyá ti pápá ni, tàbí ti kíláàsì rẹ̀ ní Ìgèdè, tí ọmọ bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó sì ní kó máa lọ. Mi ò bi í. Mo fò. Kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè lọ, mo sì di àga mú nígbà tí mo balẹ̀, irin náà gba abẹ́ mi kọjá. Akin gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe dún, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó ní kí ló ṣubú. Akin ní, “Ìyàwó wa, ọkọ yín ni. Kò ṣubú, ó fò.”

Nígbà tí òjò dá tí àwòrán padà, wọ́n ti gbá a tán. Akin ní ṣé ọmọ náà jẹ. Mo ní rárá, ẹyọ kan ṣoṣo ló fi pàdánù. Akin fọwọ́ wá àgbàdo rẹ̀. Ó ní, “Yóò sùn dáadáa.”

Pápá Awákiri ti di ilé báyìí. Ilé epo kan wà níbi Uhò Òkété, àwọn ọlọ́kadà sì ń tò síwájú rẹ̀ láàárọ̀, wọn kò mọ̀ pé orí òkété làwọn dúró. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òórùn epo ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe irú epo kan náà.

Bàbá Olóko ti lọ tipẹ́. Awákiri kú sí ìlú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ilé ìwé wa. A sin Kọ́lápọ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kún. Júlíọ́sì wà láàyè ní Ìlọrin, kò sì tíì gbà pé iye tó kéré lè jẹ èyí tó pọ̀. Akínlabí wà láàyè ní Kánádà. Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún, ó ní òun rí nǹkan funfun kan lójú fèrèsé, wọ́n ní yìnyín ni. Èmi náà wà láàyè, àmọ́ orúnkún òsì ń dùn mí láti ọjọ́ tí mo fò.